Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Mi Mì Lábẹ́ Ọ̀pẹ

Bí ẹ bá dé Ararọ̀mí-Obu tí ẹ béèrè akọ̀pẹ tí kì í lo àkàbà, èmi ni wọ́n máa júwe fún yín. Láti Ararọ̀mí títí dé Agbabu, kò sí ẹni tó gun ọ̀pẹ tó mi. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn, bó ṣe rí ni. Ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Dúpẹ́ ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Odigbo, ló kàn fi àmì sí i lórí. Ó fẹ́ yọ àwọn ibì kan kúrò, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹni tí mò ń kọ ọ́ sí ni ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹ́. Mò ń kọ ọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò ní fi dídùn pa yín lára. Ẹ kà á, kí ẹ mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí mo já, ara ọ̀pẹ ṣì ń yọ̀. Èmi àti Fẹ́lí la jọ wà lóko. Ọmọ Ìdómà ni Fẹ́lí, ó ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó gbọ́ èdè Ìkálẹ̀ wa ju àwọn ọmọ tí a bí sí ibí lọ. Òun ló wo igbà tí mo fẹ́ fi gùn, ó fi ìka nu ún, ó ní, "Ọ̀gá, igbà yìí ti ń já fọ́nrán. Ẹ jẹ́ ká lo tèmi."

Mo ní kí igbà tó já mọ́ mi lórí òkè, ó máa kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Fẹ́lí rẹ́rìn-ín. Mo gùn ún.

Mo ti gé ìdì ẹyìn méjì sọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo na àdá sí tí mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ. Èyí tí mo tún mọ̀ ni pé ojú ọ̀run ni mò ń wò, tí imọ̀ ọ̀pẹ ń mì lókè. Orí ìtì igi kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá ni mo fi ẹ̀yìn bà lé.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí òun ló tàn mí jẹ: kò dùn mí tó bí ó ṣe yẹ. Ẹ̀yìn mi gbóná, lẹ́yìn náà, láti ìdodo mi lọ sísàlẹ̀ wá dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Fẹ́lí sáré dé, ó ní kí n gbìyànjú kí n mi ẹsẹ̀. Mo rán àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún níṣẹ́, ó sì mì. Fẹ́lí rí i. Ó ní, "Ó mì, ọ̀gá. Ẹ má mira mọ́."

Ó sáré lọ sí ahéré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti rí i lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Ore pé bí mọ́tò bá dojú dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà kì í fa èèyàn dìde, orí pákó ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí gbọnrangandan, tí wọ́n á fi aṣọ há ọrùn rẹ̀ kó má yí.

Ẹni tí kò dàgbà sábẹ́ ọ̀pẹ lọ́dọ̀ wa kò ní mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀pẹ tó bá já, ńṣe la máa ń gbé e nà ró lójú ẹsẹ̀. Òkú nìkan ni wọ́n ń gbé ní ìdùbúlẹ̀ jáde kúrò nínú oko ọ̀pẹ. Bàbá mi já lẹ́ẹ̀mejì láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n gbé e dìde, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé. Nígbà tí mo rí Fẹ́lí tó ń gbé ilẹ̀kùn bọ̀, òkú mi ni mo rí lórí rẹ̀.

Mo ní, "Fẹ́lí, o ò ní fi ilẹ̀kùn gbé mi wọ Ararọ̀mí lójú ìyàwó mi. Lọ pe ọlọ́kadà."

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ̀yìn ni ẹ fi balẹ̀."

"Mo ní lọ pe ọlọ́kadà."

Ó gbé ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, ó lọ. Ọ̀gá ni mí, òun ló ń bá mi ṣiṣẹ́, kí ló máa ṣe? Nígbà tí òun àti ọlọ́kadà gbé mi nà ró, ohun kan dún ní ẹ̀yìn mi bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré. Wọ́n fi mí sáàárín, ọlọ́kadà níwájú, Fẹ́lí lẹ́yìn tó wé apá mọ́ mi. Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀nà wa lẹ́yìn òjò. Kòtò là ń bọ́ sí, kòtò là ń bọ́ sí, títí a fi dé ojú títì. Bí a ṣe dé Ore, mo tún rán àtàǹpàkò náà níṣẹ́. Kò mì. Mo wo ìsàlẹ̀. Bàtà mi kan ti jábọ́ lọ́nà, ẹsẹ̀ náà ti ń wọ́lẹ̀ láti ibi tí mi ò mọ̀, ó ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mò ń wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a dé, orí bẹ́ǹṣì ni mo wà títí oòrùn fi yí. Ìyàwó mi, ìyá Dúpẹ́, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, wà lórí ìlà káàdì, ó tún lọ sórí ìlà ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Àwọn kan ń sọ pé kí n sún díẹ̀ fún wọn. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n sún mi. Nígbà tí fọ́tò jáde, dókítà tó wò ó kò jókòó mọ́. Ó ní ta ló gbé ọkùnrin yìí jókòó? Wọ́n tẹ́ mi gbalaja, wọ́n fi nǹkan há mi lọ́rùn, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú mìíràn. Ohun tí mo kọ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ ni wọ́n ṣe fún mi lójú gbogbo ayé.

Dókítà tó ṣàlàyé fún mi níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí mo lè bí. Ó ní, "Bàbá, egungun ẹ̀yìn yín fọ́, ó sì ti tẹ okùn tó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Mo mọ okùn yẹn. Ẹni tó bá ti pa ọ̀yà rí mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gé egungun ẹ̀yìn ẹran sí wẹ́wẹ́, ohun funfun kan wà ní àárín ihò rẹ̀, ó rọ̀ bí ọ̀rá, àwọn ọmọdé máa ń fà á mu. Ọdún gbọọrọ ni mo ti ń jẹ ẹ́, mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Dókítà ní láti inú ọpọlọ ló ti wá, ó gba inú ọrùn sọ̀kalẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ìbàdí, egungun wá yí i ká bí ògiri. Ohunkóhun tí orí bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Ohunkóhun tí ẹsẹ̀ bá rí, ìbáà ṣe ẹ̀gún, ìbáà ṣe iná, ibẹ̀ náà ló ń gbà dé orí. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ á lọ, mímí rẹ̀ pàápàá lè lọ. Tèmi jẹ́ ibi tí egungun ìhà parí sí, ọwọ́ mi bọ́ nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ dókítà náà mú láti fi hàn án, ó ní ó tó, òun ti gbà.

Ó tún sọ èyí tí mi ò fẹ́ gbọ́. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ náà, inú okùn yẹn ni wọ́n ti ń gba àṣẹ. Mo bi í léèrè ìgbà tí okùn náà máa so pọ̀. Ó ní egungun máa ń so, okùn yẹn kì í ṣe bí egungun. Ó ní àwọn kan máa ń rí díẹ̀ gbà padà, àwọn kan kì í rí, kí a ṣe sùúrù kí wíwú rẹ̀ lọlẹ̀ ná.

Rọ́bà ni wọ́n fi ń fa ìtọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyàwó mi kọ́ ọ, nítorí pé a máa lọ sílé lọ́jọ́ kan. Mo kọ̀. Mo kọ ojú sí ògiri, mo ní bí kò bá ṣe nọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí. Ìyá Dúpẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ọmọ márùn-ún ni mo bí fún yín. Èwo ló kù tí ẹ fẹ́ fi pa mọ́ fún mi?" Ó ṣe é. Lójú tèmi, ó mọ̀ ọ́n ṣe ju nọ́ọ̀sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi, Akínbọ̀dé, dé láti oko kòkó. Òun ni olórí ilé wa. Ó dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa gbígbé tí wọ́n gbé mi jókòó, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló gbé mi sórí ọ̀kadà. Mo dákẹ́. Ó ní ṣé Fẹ́lí ni? Mo dákẹ́ síbẹ̀. Ó gba ìdákẹ́ mi ní èsì. Láti ọjọ́ náà, ó ní ẹsẹ̀ Fẹ́lí kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Fẹ́lí wá sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹran ìgbẹ́ dání fún mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń lé e, tó ń pè é ní àjèjì tó ba ayé àbúrò òun jẹ́. Fẹ́lí kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n máa ṣọ́ mi dáadáa, ó lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mò ń ka pákó àjà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi láti fi irin gbé egungun náà ró. Oko kòkó kan ló bá a lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ kò padà. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní owó tí a ná ti tó, pé ọ̀dọ̀ teguntegun kan tó wà lẹ́yìn Odigbo ló yẹ kí a ti lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n wa, wọ́n ní kí a máa yí i lára ní wákàtí méjì-méjì, wọ́n ní ó ṣì kù." Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé yíyí ni wọ́n fi ń wo ẹsẹ̀? Àwọn méjèèjì wá kọjú sí mi. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ. Mi ò pàdánù nǹkan kan rí láyé mi, mi ò rò pé ẹsẹ̀ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Mi ò bú teguntegun náà o. Ó ti to ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo mọ àwọn kan nínú wọn. Òkúta gbígbóná ló fi aṣọ wé, tó gbé sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ní ó máa jí iṣan. Ó bi mí léèrè pé ṣé ó ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi lẹ́nu. Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Mo ní, "Ó ń gbóná. Ó ti ń wọ eegun."

Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ń gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́kún, ó pe pásítọ̀ lórí fóònù, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ? Teguntegun ní bó bá ti ń wọlé, kí a fi kún un. Ó fi kún un. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá Dúpẹ́ ní òun ń gbọ́ òórùn kan. Ó tú aṣọ náà. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bá aṣọ lọ. Nígbà tó yí mi láti wo ẹ̀yìn mi, egbò ti wà ní ìdí mi níbi tí mo fi ń sùn lé ẹní, ó jin débi tí ẹyin adìyẹ fi lè wọ inú rẹ̀. Ibà mú mi, mò ń sọ ìsọkúsọ. Wọ́n gbé mi padà sí ilé ìwòsàn.

A pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ òsì tí òkúta náà jó, wọ́n tún ní kí a wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni obìnrin kan dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ Èkìtì, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní fisió, tí wọ́n ń kọ́ èèyàn bí á ṣe máa lo ara. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ara mi mọ nǹkan dé. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó mi wà lórí àga. Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ di ojú yín. Ẹ sọ ibi tí mo bá ti fọwọ́ kàn yín." Mo di ojú. Ó kàn mí láyà, mo sọ ọ́. Ó kàn mí níkùn, mo sọ ọ́. Mi ò mọ ọwọ́ rẹ̀ lára mọ́. Mo rò ó pé ó ti dé ẹsẹ̀.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Orí orúnkún."

Ó ní, "Mi ò tíì fọwọ́ kàn yín, sà."

Mo la ojú. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ó di òwú mú lọ́wọ́, ó ń dúró. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Kì í ṣe pé inú mi bàjẹ́. Ó kàn ti sú mi.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ òkúta yẹn náà rárá. Ẹ̀gbọ́n, Fẹ́lí kọ́ ló ní kí wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà. Ó yọ ilẹ̀kùn ahéré láti fi gbé mi, èmi ni mo kọ̀. Àtàǹpàkò mi ṣì ń mì nígbà náà."

Ìyá Dúpẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O jẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ lójú gbogbo èèyàn." Ó dìde, ó jáde. Ọ̀dọ̀ Fẹ́lí ló lọ, mi ò rán an. Fẹ́lí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀gbọ́n mi kò wọlé, ó dúró sí ìta, ó tọrọ àforíjì níbẹ̀ kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà bóyá ọ̀kadà ló mú ẹsẹ̀ mi lọ. Ó ní, "Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó lè jẹ́ pé ìṣubú yẹn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé yín. Ó sì lè jẹ́ ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ mọ́." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yí lọ, mo gbé e yí bọ̀. Ibi tó wà náà ló ṣì wà.

Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Egbò ìdí mi gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó pa. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè ti bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga onítáyà. Ọjọ́ méjì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà ní àwọn tó kéré sí mi ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Apá akọ̀pẹ nìyẹn.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Ẹsẹ̀ mi kò padà. Mi ò béèrè mọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń fi rọ́bà fa ìtọ̀ mi, ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo ti fi ọṣẹ fọ̀. Bí mo bá jókòó, mo máa ń fi apá gbé ìdí sókè léraléra kí egbò má baà tún dá. Ní àràárọ̀, mo máa ń di dígí mú, mò ń wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi àti ìdí mi bí ẹni ń wo ọjà, nítorí wọn kò lè sọ fún mi bí nǹkan bá ṣe wọ́n. Nígbà míràn ẹsẹ̀ náà á dédé gbọ̀n fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilé á sáré wá, wọ́n á ní iṣẹ́ ìyanu ti dé. Kì í ṣe nǹkan kan. Dókítà ti ṣàlàyé fún mi pé iṣan ló ń fà fúnra rẹ̀, kì í ṣe orí ló rán an níṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnìkan bá já lórí ọ̀pẹ, tàbí tó bọ́ lórí ọ̀kadà, ẹ má gbé e dìde. Ẹ wá pákó, ẹ wá ilẹ̀kùn, kí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní títọ́, kódà bó bá ń bú yín. Ìwọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè pé ṣé o mọ̀ ọ́n, sọ èyí tó rí. Ìtìjú rẹ̀ máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà náà sí i. Má fi ohun gbígbóná sí ibi tí ara rẹ kò mọ̀, ìbáà ṣe omi lásán.

Fẹ́lí ló ń gun ọ̀pẹ báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, kẹ̀kẹ́ márúwá máa ń gbé mi dé ibi tí ọ̀nà bá parí sí, wọ́n á sì ti àga mi wọ oko. Láti ilẹ̀, mo mọ ìdì ẹyìn tó ti pọ́n ju ẹni tó wà lókè tó ń fọwọ́ kàn án lọ. Ẹ bi Fẹ́lí. Sátidé tó kọjá, mò ń júwe ìdì kan fún un lókè nígbà tó ti orí ọ̀pẹ wo ilẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀ kánkán. Ìjàlọ ti bo ẹsẹ̀ mi méjèèjì dé orúnkún. Ó kúnlẹ̀, ó ń gbọ̀n wọ́n dànù, ó ń fi ọwọ́ já àwọn tó ti gé mọ́ ara.

Ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti jẹ yín."

Mo ní kó fi omi fọ̀ wọ́n, kó ka ibi tí wọ́n ti gé mi jẹ kí n lè sọ fún ìyá Dúpẹ́ nílé. Ó kà á. Ó ní mẹ́rìnlélógún. Mo ní ó dáa, pé ìdì tí mò ń wí, apá ìlà-oòrùn ló wà.